Ogójì Ọjọ́ fún Àwòdì

Ìyàwó ilé ni mí ní agboolé wa ní Àrẹ̀mọ, n kì í ṣe ọmọ ilé, nítorí náà n kò gbọdọ̀ pe Àtọ́kẹ́ lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé mi wọlé ni mo ti sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, nítorí bí eyín rẹ̀ ṣe funfun nígbà náà. Eyín ti dín báyìí, orúkọ kò dín. Inú ìwé nìkan ni mo ti lè kọ Àtọ́kẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ó ta aṣọ ní Ọjà'ba títí orúnkún rẹ̀ fi kọ òkè Mápó, ló bá jókòó sílé.

Muslimat ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì ní Ìlọrin, ló ra fóònù ńlá fún un, kí ìyá òun lè máa gbọ́ wáàsí. Ìyá gbọ́ wáàsí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn náà ni Muslimat fi ìtẹ́ idì kan hàn án, ìtẹ́ tí wọ́n gbé kámẹ́rà tì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ẹnikẹ́ni lè máa wò lórí fóònù. Ìyá idì sàba lé ẹyin méjì, yìnyín ń já bọ́ sí i lẹ́yìn, kò mira. Àtọ́kẹ́ sunkún. Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti kírun Àìlá tán, tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn idì, á na ẹsẹ̀ sórí ẹní, á gbé fóònù ti kẹ́tùlù àlùwàlá.

"Ìyàwó, wá wò ó! Ọkọ rẹ̀ ti gbé ẹja dé. Tìrẹ, kí ló gbé wálé lánàá?"

"Ó gbé ara rẹ̀ wálé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Muslimat tún mú un wọ ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù, àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ àti ẹranko. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntúndé, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ igbó ìjọba, ni olórí wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síra wọn: erin tí wọ́n rí ipasẹ̀ rẹ̀, ìjàpá tó dàgbà ju ìjọba lọ, ọ̀bọ tó wọ ṣọ́ọ̀bù jí búrẹ́dì. Gbogbo rẹ̀ ni Àtọ́kẹ́ ń dá lóhùn: "Súbúhánálláhì." Ti ọ̀bọ nìkan ló fi kún un pé, "Ẹ fún un ní mílíìkì."

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀tá agboolé yìí ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé láyé ìgbà náà, àwòdì á máa yí lókè láti Bẹyẹrunká títí dé Mápó, tí ọ̀kan bá sì rẹlẹ̀, ariwo "Àwòdì ò!" á ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn. Aláró ni ìyá wọn, ìyá Àtọ́kẹ́ àti Gàfárù àbúrò rẹ̀, ọkọ mi. Ìkòkò aró mẹ́fà ló wà lẹ́hìnkùlé. Tí adìyẹ bá ti pamọ, ìyá á fi aró tó ti ṣá wẹ àwọn òròmọdìyẹ títí dé ọrùn, Àtọ́kẹ́ á dì wọ́n mú, Gàfárù á fi àpò nù wọ́n. Mo bá díẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun: òròmọdìyẹ aláró ń rìn káàkiri bí ẹni tó ń lọ ìkómọ. Àwòdì á wò wọ́n, kò ní dá wọn mọ̀ ní oúnjẹ, á bá tirẹ̀ lọ. Ìyá kú, ìkòkò fọ́, àwòdì náà sì dàwátì. A ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ariwo yẹn dákẹ́.

Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí ni àwòdì méjì dé, tí wọ́n kọ́ ìtẹ́ sórí mángòrò ẹ̀hìnkùlé wa. Igi wẹ́wẹ́, ọ̀rá omi, àkísà. Ìborùn mi aláwọ̀ ewé tí mo sá sórí okùn wà níbẹ̀, mo ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Àtọ́kẹ́ fi fóònù fà á súnmọ́, ó rí orí funfun kékeré méjì. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ààwẹ̀ ọjọ́ kan lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n Gàfárù ń sin adìyẹ. Ó sì ní ẹjọ́ àtijọ́ pẹ̀lú àwòdì: ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ tí ọ̀kan já àkàrà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ òkè Mápó, àpá èékánná ṣì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀. Ní Sátidé, ó mú Yésúfù agégi wá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kó wá gé ẹ̀ka náà. Wọ́n bá Àtọ́kẹ́ lábẹ́ igi lórí àga, tèsùbáà lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ dìde. Ẹ̀ka á já lù yín."

"Kó já. Ẹ ó sì rí mi sin kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Nítorí àwòdì? Ẹyẹ tó já mi lọ́wọ́ ya!"

"Gàfárù, o ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Àkàrà kan ṣoṣo ni. Dárí jì í."

Yésúfù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀.

"Ogójì ọjọ́ ni mo fẹ́," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Ohun tí mo rí lára àwọn idì, ogójì ọjọ́ sí i, àwọn ọmọ yìí á ti fò. Obìnrin tó bímọ, ogójì ọjọ́ la fi ń tọ́jú rẹ̀. Ṣé ti ẹyẹ ló wá pọ̀ jù?"

"Òròmọdìyẹ mi ńkọ́? Méjìdínlógún ni wọ́n."

"Èmi ni n ó máa ṣọ́ wọn. Bí àwòdì bá gbé ẹyọ kan péré, kí Yésúfù padà wá. N kò ní la ẹnu."

Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Aró ò sí mọ́, ló bá rán mi lọ sí Bẹẹrẹ, kí n ra oògùn egbò elésè-àlùkò yẹn ní kẹ́míìsì, ìgò mẹ́rin. Ọmọbìnrin tó ń tà á bi mí pé ta ló ṣèṣe. Mo ní kò tíì sẹ́nìkan. Àtọ́kẹ́ pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń ri àwọn òròmọdìyẹ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gàfárù yọ sí wa, ó dúró.

"Ìyá wa kì í ri orí wọn," ló wí.

"Àbí o rí i tí mo ri orí?"

Nígbà tó yá ó mú àpò lórí ògiri, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí nù wọ́n. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Mo wojú rẹ̀, n kò rí bàbá àgbà kankan níbẹ̀.

Àtọ́kẹ́ ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Ogun dé. Arábìnrin kan kọ ọ́ pé ìwà ìkà gbáà ni kí wọ́n máa pa ẹranko láró. Àtọ́kẹ́ fi ohùn dá a lóhùn: "Ẹ̀yin tí ẹ ń din adìyẹ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, èmi tí mo wọ̀ ọ́ láṣọ ni ẹ ń pè ní ìkà?" Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntúndé ní kí gbogbo èèyàn fara balẹ̀, pé ìyá tòun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́. Àwòdì ń bà, wọ́n ń wò, wọ́n ń gba Ọjà'ba lọ wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n òròmọdìyẹ ń dàgbà, ìyẹ́ tuntun tí kò ní àwọ̀ ń hù, ó di dandan kí á máa tún wọn rì. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, orúnkún Àtọ́kẹ́ wú, ó sọ ọ́ di ọ̀la. Ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n, lójú èmi àti òun nìkan, àwòdì balẹ̀, ó gbé ọ̀kan.

Mo ní, "Eyínfúnjowó, ọjọ́ méje ló kù. Ọkọ mi ò kà wọ́n mọ́. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Ìwọ tí o ń jí kí tahajúdù lóru lo ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó tẹ̀pá lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Wọ́n ti gbé ọ̀kan. Pe Yésúfù."

Gàfárù wo àtàǹpàkò rẹ̀.

"Èwo ni wọ́n gbé?"

"Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí."

"Ẹ̀bi wa nìyẹn. Ìyá wa ì bá ti nà wá." Ó dìde. "Mo fi ìyẹn ṣe sàráà. Níbo lẹ gbé oògùn yẹn sí? Ẹ jẹ́ n mú àpò."

Jímọ́ọ̀ ni àwọn ọmọ àwòdì fò. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ já sórí páànù ilé kejì, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì gbéra. Ó yí lókè agboolé lẹ́ẹ̀kan. Adìyẹ figbe ta, n kò sì mọ ìgbà tí mo gbá ìsàlẹ̀ ìkòkò mú tí mo ń lù ú: "Àwòdì ò! Àwòdì ò!" Wọ́n gbà á lẹ́nu mi ní ilé kejì, wọ́n gbà á ní ilé kẹta, àwọn obìnrin tí a jọ jẹ́ ìyàwó tuntun, tí kò séyìí tó ti pariwo láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti fi ilé sílẹ̀.

Àtọ́kẹ́ ti ká gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, ó ti fi ránṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntúndé kọ̀wé padà: "Màmá, kí ló dé? Ṣé wọ́n ń lé e ni?"

"Rárá o," ni Àtọ́kẹ́ wí sínú fóònù, ó ń nu ojú. "Wọ́n ń kí i ni."

Ìborùn mi ṣì wà lókè níbẹ̀. Gàfárù ní òun lè ní kí Yésúfù bá mi gùn ún. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀.