Iná Tí Wọ́n Pa Nítorí Ọjọ́ Olúwa

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí inú ṣì ń bí mi. Nígbà tí Ìjerò ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ide ni mo ń mọ. Oníbàárà mi kan ṣoṣo ni ará Ọ̀yọ́ kan tó tẹ̀dó sí Àrámọ̀kọ, tó ń yọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi àlòkù rọ agogo.

Lọ́jọ́ kan, ó da àpáàdì síwájú mi.

"Ìyá oníkòkò, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ìkòkò yín là sí méjì, ide gbígbóná dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi! Bí òmíràn bá tún là, ó parí láàárín wa."

Mo fi ahọ́n kan ibi tó ti là. Ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Iná rẹ̀ kò pé. Amọ̀ funfun wa, bí iná bá pẹ́ lára rẹ̀, etí ẹyọ hóró amọ̀ náà kọ̀ọ̀kan á yọ́ díẹ̀, wọ́n á di ara wọn mú, ihò àárín wọn á sì dí. Bí kò bá pẹ́, bíi gàrí tí wọ́n wọ́n omi sí ni: ó ṣù lójú, ìka kan á tú u.

Mo kọjú sí ìyá ọkọ mi, torí àwọn ni mo fi ṣọ́ iná tí mo dá ní Sátidé nígbà tí mo lọ kí bàbá mi ní Ìpótì.

"Màmá, ṣé iná yẹn jó mọ́jú?"

"Iná ààrò kì í jó di Ọjọ́ Olúwa nínú ulé mi. Èmi ni mo fa igi rẹ̀ jáde. Kí ìkòkò náà sinmi bí a ti ń sinmi."

"Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ìbá jóná!"

"Ṣé ẹsẹ̀ mi ni?"

Ọkọ mi ń wolẹ̀. Mo tú ààrò náà, mo kó bíríkì rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ bàbá mi. Níbẹ̀ ni iná ti jó bó ṣe yẹ.

Ará Ọ̀yọ́ náà dé, ojú rẹ̀ le koko. "Ẹ fọ́ ọ̀kan, kí n rí inú rẹ̀."

Mo fọ́ ọ. Inú rẹ̀ dì, ó ń dán bí àfọ́kù àwo tánganran. Òun náà fi ahọ́n kàn án, kò lẹ̀. Ó kó ìyókù lọ, kò kí mi kú iṣẹ́.

Ìyá ọkọ mi ní tiwọn kò gbà. Bí mo bá ti Ìpótì dé, wọ́n á ní, "Abọ̀rìṣà iná ti dé." Mo ń kọjá wọlé ni.