Ẹfun Ara Ilẹ̀kùn Otilia

Ọdún kẹtàlá rèé tí ọba àti àwọn ìjòyè ilẹ̀ Jámánì ti ń bá ara wọn jà. Otilia, opó ahunṣọ, ò mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ẹfun ló mọ̀. Òun ni ọ̀gá ọmọ ogun fi ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, iye ọmọ ogun tí ilé kọ̀ọ̀kan máa gbà sílé.

Àwọn ti ọba kọ mẹ́fà. Wọ́n jẹ pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ tán, wọ́n fi àga rẹ̀ dáná. Bí wọ́n ṣe lọ báyìí, Otilia bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànìnkànìn fọ ilẹ̀kùn.

"Ṣé èmi ni mo fi í jọba ni?"

Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Lóṣù kejì, àwọn ti ìjòyè dé. Ọ̀gá wọn wo ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ ò tíì gba ẹnì kankan rí."

Ó kọ mẹ́jọ.

Nígbà tí àwọn yẹn lọ, Otilia fi àpò bo ẹfun náà kí òjò má baà pa á rẹ́. Àwọn ti ọba tún dé, ó ká àpò kúrò.

"Ẹ wò ó. Mẹ́jọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà."

Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín. "A ò mọ̀ pé ilé yín gbèèyàn tó bẹ́ẹ̀."

Kò tilẹ̀ yọ ẹfun tirẹ̀ jáde. Ó kàn ní kí mẹ́jọ wọlé.