Ìdà Tí Wọ́n Fi Ń Jẹ Dókítà ní Fínlándì

Òórùn ata díndín ti gba gbogbo ilé wa ní Thamesmead nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án Sátidé tí ọmọ wa obìnrin pè láti Fínlándì pé òun ti parí ìwé òun, òun ti di dókítà. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o, ti fásitì ni. Mo wú bí àkàrà inú epo. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ètò ẹ̀kọ́ Fínlándì yangàn láti Woolwich dé Abbey Wood: pé ọmọ ọdún méje ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, pé kò sẹ́ni tó ń gba ipò kìíní, pé akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n lórúkọ lásán, ọ̀jọ̀gbọ́n á sì jẹ́ ẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo máa ń gbé e mì bí àgbàlagbà bá wà níjokòó.

"Dádì, níbi ayẹyẹ wa, a máa dé fìlà, a máa gbé ìdà."

"Ìdà bíi ti báwo?"

"Ìdà gidi. Tó bá ku ọ̀la, a máa pọ́n ọn. Èmi á máa yí òkúta ìpọ́nrin, ẹni tí mo bá fẹ́ á máa da wáìnì sí i. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ o."

Ìyàwó mi pa iná ata. "Irin, òkúta, ọtí," ó ń fìka kà á. "Dádì, kí lẹ ń pe ìyẹn? Ògún mà ni!"

Ẹ má rín wa. Nígbà tí èmi wà ní fásitì nílé, ẹni tó bá mú irin lọ́wọ́ nínú ọgbà kì í ṣe dókítà. Ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, ojú fèrèsé la sì ń gbà sá fún un. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

A gbé ọ̀rọ̀ lọ bá pásítọ̀, ó ní ká gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà fẹsẹ̀ janlẹ̀: "Gbogbo òkúta tó ń yí lórí kádàrá ọmọ yìí, dúró!" Màmá kan ríran rí bàbá onírùngbọ̀n funfun kan nínú agbádá dúdú. Mo ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" láìronú pé bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe máa ń rí nìyẹn.

Mo pe ọmọ mi. "Bí o bá gbé ìdà yẹn, n kò ní wá."

"Dádì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ká gbèjà òtítọ́ tá a bá rí."

"Bíbélì ni wọ́n fi ń gbèjà òtítọ́."

"Ẹ tiẹ̀ ka Bíbélì ọ̀hún dáadáa, ìdà kún inú ẹ̀."

Mo pe ìyẹn ní àfojúdi, mo pa fóònù, mo sì fagi lé ìrìn àjò náà.

Ó gbé ìdà rẹ̀. Fídíò dé: àwọn arúgbó ń rẹ́rìn-ín, wáìnì ń hó, kò sí ajá, kò sí epo. Ìyá tó ni ilé tí ọmọ mi ń gbé ló ń da ọtí. Ìyàwó mi wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?"

Lónìí, pásítọ̀ kan náà ló ń fi mí han àwọn àlejò ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Bàbá Dókítà wa rèé!" Èmi náà á dìde, màá juwọ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ààwẹ̀ mi.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ náà wá kí wa. A jọ ń rìn létí odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé tuntun tó wà ní Arsenal ní Woolwich, níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà nígbà kan rí, mo bi í bóyá inú ṣì ń bí i sí mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Rárá o, Dádì. Àmọ́ òkúta yẹn wúwo. Gbogbo bí mo ṣe ń yí i, ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò."