Ilẹ̀kùn Ojúbọ Ìrẹsà

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ọ̀yọ́, àwọn káfíńtà bíi Simon kò pọ̀ nílùú. Ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù ló ti kọ́ṣẹ́. Òun ló kan èyí tó pọ̀ jù nínú àga ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ̀ ro oko títí ó fi kú, kò sì sọ fún un rí pé ẹnì kan nínú ìdílé àwọn mọ iṣẹ́ igi. Simon gbà pé òun ni ẹni àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Adérónkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ránṣẹ́ sí i láti Ìrẹsà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló ń tọ́jú ojúbọ Òrìṣà Oko tó ti wà nínú igbó ibẹ̀ láti ayébáyé. Ikán ti ń jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì fẹ́ kí Simon wá tún un ṣe. Simon rò ó títí, torí kò wọ igbó òrìṣà mọ́ láti ìgbà tó ti ṣèrìbọmi. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó kó irinṣẹ́, ó sì fi ọjọ́ méjì rìn débẹ̀.

Abẹ́ ìrókò ni ojúbọ náà wà, ibẹ̀ tutù, ilẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ìyá kúnlẹ̀. Simon ṣí fìlà, kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe. Ìyá ní kó fara balẹ̀, ilẹ̀kùn lòun pè é sí, òun kò pè é sí ẹbọ.

Wọ́n gbẹ́ ọkùnrin tó gun ẹṣin sára ilẹ̀kùn náà. Ìsàlẹ̀ nìkan ni ikán bà jẹ́. Simon fọwọ́ pa á lára títí, ó wá béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ.

“Àjàní,” ni ìyá wí, oríkì rẹ̀ ló pè, “bàbá tó bí bàbá rẹ ni. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ tán ni ojú wọn fọ́. Ọmọ ọwọ́ ni bàbá rẹ nígbà náà. Ó dun bàbá wa débi pé wọn kò fẹ́ ká dárúkọ iṣẹ́ náà níwájú wọn mọ́.”

Simon jókòó sílẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ẹṣin náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó gé ibi tó jẹrà kúrò, ó fi pákó tuntun rọ́pò rẹ̀. Ìyá ní kó gbẹ́ nǹkan sára pákó náà. Ó gbẹ́ ẹyẹ kan, ìyá sì ní adìyẹ ni. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tó padà dé Ọ̀yọ́, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé òun tún ilẹ̀kùn ojúbọ ṣe. Àlùfáà béèrè bóyá ilẹ̀kùn náà ń tì dáadáa.

“Ó ń tì, sà.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Simon lọ bá alágbẹ̀dẹ pé kó rọ ọ̀bẹ ìgbẹ́gi fún òun.