Àjà Ilẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Kò Lè Wọ̀

Ní agbo ilé wa ní Ṣakí, ìtumọ̀ "àjà" ju ọ̀kan lọ. Èyí tó wà lókè orí wa là ń kó àgbàdo gbígbẹ sí. Bí ọba bá kú, a ó ní ó wàjà. Ṣùgbọ́n bí àgbà kan bá ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí àjà," ilẹ̀ ló ń wò. Yàrá roboto kan wà lẹ́yìn ilé tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ sínú ilẹ̀ líle, àkàsọ̀ igi la fi ń sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn tó bá ń jà níí bá olórí ilé wọ ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo. Wọ́n á mu omi nínú igbá kan náà, ìjà á sì parí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gba àwọn darandaran láyè láti gba etí oko òun àti bàbá mi kọjá lọ́nà ìlú Ìràwọ̀. Màlúù yà wọ oko, wọ́n tẹ ebè iṣu bàbá mi mọ́lẹ̀, wọ́n sì jẹ ewé rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé olórí ilé ní kí àwọn méjèèjì wọ àjà ilẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ẹnu ihò, ó wo àkàsọ̀, ó ní, "Orúnkún mi ò gbà á."

Bàbá mi fèsì látinú ilẹ̀: "Ṣebí ẹ̀ ń gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Ìjìó! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú sọ pé ẹ ò fẹ́ ká parí ìjà."

"Gbé omi náà gòkè. Màá mu ún."

"Ìsàlẹ̀ níbí làwọn baba wa ti ń mu ún."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí padà, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́. Láti ìgbà náà ni kò ti wá kírun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò mọ́. Bàbá mi gbà pé torí òun ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Bàbá mi wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí orúnkún méjèèjì: wọ́n wú, ojú gbẹ́rẹ́ sì kún ara wọn. Ó bi opó léèrè.

Opó náà ní, "Orí àga ló ti ń kírun nílé. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ, ojú ń tì í."

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò rí i kí ó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. "Omi lásán ni," ló ń sọ. "Ǹ bá ti gbé e gòkè."

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ mi tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ kan, àwọn Pueblo, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe orò, tí wọ́n sì ti ń gbìmọ̀. Kiva ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà sọ pé ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ilé wà nínú orúkọ náà. Mo fi han bàbá mi. Ó wo àkàsọ̀ inú fọ́tò náà títí.

"Ẹni tí kò bá lè sọ̀kalẹ̀ ńkọ́?"

"N ò mọ̀, bàbá."

"Bá mi bèèrè."

Mo bèèrè. Ọmọ mi ní òun náà ò mọ̀, pé wọn kì í ṣí gbogbo rẹ̀ payá fún àlejò. Mo jíṣẹ́ fún bàbá mi. Ó ní ó dáa, ó sì ní kí n bá òun gbé àga kúrò nínú oòrùn.