Ìyá Tó Ń Bá Ológun Ná Ọjọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè irú ẹni tí olóògbé Ìyá Èènì jẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ológun àti ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀wù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún un. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni, nígbà ogun. Ọ̀gá náà wọ ilé ìránṣọ, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò, ó ní ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀wù òtútù lòun fẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lòun sì fún wọn. Obìnrin méjìlélógún ló wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, gbogbo wọn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára aṣọ tó ń gé.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún," ló wí.

"Ìyá, ẹ ò gbọ́ mi ni? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo wí."

"Mo gbọ́. Ẹ ti pe tiyín, èmi náà ti pe tèmi. Ẹ wá gbé tiyín sókè díẹ̀."

"Ogun là ń jà níbí, ọjà kọ́ là ń ná!"

"Ẹni bá ń bínú kì í rí ọjà gidi rà, ọ̀gá mi. Ó yá, mo gbà, ọjọ́ méjìdínlógún."

Kí ọ̀gá ológun tó mọ ohun tó ń ṣe é, ó ti pe márùn-ún, ó ti pe méje, òógùn ti bò ó. Wọ́n ná an títí ó fi jókòó sórí mẹ́sàn-án. Ọkùnrin náà ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Ìyá pè é padà. "Èènì ńkọ́?" Ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun dúró, ó ronú, ó sì fi ààbọ̀ ọjọ́ kan sí i. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ìyá náà ní Ìyá Èènì.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ìránṣọ kúkú ń pè ní Ìyàwó, kò lè sọ ìtàn yìí lónìí láìrẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kò rẹ́rìn-ín rárá. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Èènì bí, wà lójú ogun, ó sì ti di oṣù mẹ́ta tí lẹ́tà rẹ̀ ò wá mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣílẹ̀kùn, àyà Ìyàwó á já.

Ilé ìwé ni ilé ìránṣọ náà tẹ́lẹ̀. Àwọn télọ̀ ọkùnrin ti lọ jagun, àwọn obìnrin ló gba ipò wọn. Wọ́n lẹ bébà mọ́ gíláàsì fèrèsé nítorí bọ́ǹbù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan iná ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gangan. Bí fèrè ìkìlọ̀ bá dún pé ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ń bọ̀, gbogbo wọn á sá lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, Ìyá Èènì á sì máa lọ láti orí ẹ̀rọ dé orí ẹ̀rọ, á máa tú abẹ́rẹ́.

"Ìyá, ẹ máa bọ̀! Wọn á pa yín!"

"Bí wọ́n bá pa mí, wọ́n á rí ẹlòmíì fi ṣe olórí. Abẹ́rẹ́ ńkọ́, níbo lẹ ti fẹ́ rí i rà?"

Ká má purọ́, Ìyá Èènì le. Ohun mẹ́ta nínú ìwà rẹ̀ ló sì ń bí àwọn obìnrin nínú jù. Òun ló mọ aṣọ rán jù nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ kì í fọwọ́ kan apá ẹ̀wù. Àwọn méjì kan ló fi sídìí apá. Lọ́nà kejì, bí ọkọ̀ bá kó ìdì ẹ̀wù tó ya dé láti ojú ogun kí wọ́n lè tún un ṣe, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ tú u, nínú yàrá ẹrù, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ní títì. Ẹ̀kẹta ni èyí tí obìnrin tó ń gán bọ́tìnnì yọjú rí lójú ihò kọ́kọ́rọ́. Oníbọ́tìnnì ni wọ́n ń pe onítọ̀hún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ lọ.

"Ẹ gbà mí o! Ìyá ń ki orí bọ abíyá ẹ̀wù sójà! Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, kò fo ìkankan!"

"Kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Ṣé kì í ṣe òórùn ọkùnrin ni? Ó ti pẹ́ tí ọkọ wọn ti kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í.

Ọjọ́ kẹjọ nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án ààbọ̀ yẹn lọ̀rọ̀ dojú rú. Ìkan nínú àwọn tó ń rán apá ti wà lórí àìsàn láti àná. Ní òwúrọ̀, wọ́n wá pe èkejì síta, wọ́n fi ìwé kan lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n fà á dìde, wọ́n sìn ín lọ sílé. Ogójì ẹ̀wù ló kù tí kò lápá.

"Ìyá, ó kàn yín," ni Oníbọ́tìnnì wí. "Ẹ bọ́ sídìí apá."

"Mi ò rán apá."

"Kí lẹ wí? Kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa gbọ̀n nínú òtútù torí pé apá ò wù yín rán?"

Àwọn yòókù gbè é lẹ́yìn, ariwo sọ. Ìyá Èènì tí í fi ẹnu kan dáhùn ẹnu ogún bá fi aṣọ tó ń gé sílẹ̀. Ó wọ yàrá ẹrù lọ. Inú bí Ìyàwó débi pé ó gbá tẹ̀lé e pẹ̀lú oyún níkùn.

"Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ ń ṣe báyìí? Ẹ ń dójú tì mí o."

Ìyá Èènì ti jókòó sórí ìdì ẹ̀wù kan. Ó rí kékeré lórí rẹ̀.

"Nígbà tí ọkọ ẹ ń lọ," ló wí, "mo tú apá ẹ̀wù ẹ̀, mo fọwọ́ ara mi tún un rán. Mo gán an lábẹ́ abíyá, ọ̀nà méjì, tí wọ́n gba orí ara wọn kọjá, kó má bàa ya bó bá gbọ́wọ́ sókè. Kò sẹ́lòmíì tó ń gán an bẹ́ẹ̀. O sì mọ̀ pé wọn kì í kọ orúkọ sára ẹ̀wù sójà. Bí tiẹ̀ bá dá padà wá láìsí òun, ọwọ́ mi ni mo máa fi mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó fọwọ́ ti ìlẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Torí ẹ̀ lẹ ò ṣe rán apá mìíràn?"

"Bí mo bá rán òmíràn, báwo ni mo ṣe máa mọ tiẹ̀?"

"Ẹ gán an lọ́nà mìíràn."

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ọwọ́ tó ti mọ nǹkan fún ogójì ọdún, bí mo bá gbójú kúrò báyìí, ó ti padà sídìí ẹ̀." Ó nu imú. "Mo ń dá ìdì tú kó má bàa jẹ́ ìwọ lo máa kọ́kọ́ rí i. Pẹ̀lú oyún yẹn."

Ìyàwó fẹ́ sọ pé kó má rán an. Ẹ̀rù bà á bó ti ń ba ìyá. Ṣùgbọ́n ó ronú kan obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sìn lọ sílé, ó sì ronú kan òtútù.

"Ìyá, bí ẹ̀wù ọkọ mi bá ya níbi tó wà báyìí, ẹlòmíì ló máa bá a rán an. Ẹ bá wọn rán an."

"Kí n rán ogún."

"Ogójì ni, Ìyá."

"Ọgbọ̀n. Mo ti gbìyànjú."

"Ogójì."

Títí Ìyá Èènì fi kú, ọjà yẹn nìkan ni wọ́n gbọ́ pé ó ná tí wọn ò dín kọ́bọ̀ fún un. Ó jókòó sídìí iṣẹ́, ó rán ogójì ẹ̀wù, ààbọ̀ ọjọ́ tó gbà léènì ló sì fi parí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ló jọ ń tú ìdì. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni Ìyàwó ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá ẹ̀wù kan, ó sì kan ọ̀nà méjì tó gba orí ara wọn kọjá. Wọ́n ti fọ ẹ̀wù náà mọ́ nigín-nigín. Ihò kan wà níwájú rẹ̀, níbi àyà, tó gba ìka mẹ́ta.

Ìyàwó fọwọ́ bo ihò náà. Ó kàn gbé e fún ìyá. Ìyá Èènì fọwọ́ pa abẹ́ abíyá náà, ó tún fọwọ́ pa á.

"Mọ́kànlélógójì ni gbogbo wọn," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ogójì kì í ṣe tiwa. Ìkan péré ni tiwa." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ẹnì kan nájà. "Ìkan péré."

Ó fa òwú, ó dí ihò náà, abẹ́rẹ́ sì gún un lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ni, bí wọ́n ṣe ń sùn ni, ìbẹ̀rù ò fi wọ́n sílẹ̀. Ìyàwó bímọ, obìnrin ni. Àwọn ènìyàn ń kí wọn kú ewu, àwọn méjèèjì ń dáhùn, wọn ò sì jẹ́ kí ojú wọn pàdé.

Ọmọ náà pé oṣù méjì lọ́jọ́ tí ìlẹ̀kùn ilé ìránṣọ ṣí, tí ọkùnrin kan tiro wọlé, ó rù, igi wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbọgbẹ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà wọn ti jóná lọ́nà, kò sì mọ̀. Ìyàwó fò mọ́ ọn. Ìyá Èènì ò kí i. Ó rìn lọ bá a, ó gbé apá ọmọ rẹ̀ sókè, ó sì ki orí bọ abíyá ẹ̀wù rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"Ọwọ́ mi ni," ló wí. "Ọwọ́ mi ni o!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Oníbọ́tìnnì da gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sókè bí òjò, àwọn obìnrin ń jó láàárín ẹ̀rọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìyàwó tó wò yíká, tó rí i pé ìyá ò sí níbẹ̀.

Inú yàrá ẹrù ló ti bá a, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ìyàwó ò rí ẹkún rẹ̀ rí.

"Ìyá, kí ló tún dé? Ọmọ yín ti dé!"

"Mo mọ̀. Mo ti rí i." Ó gbójú sókè. "Ihò ẹ̀wù ọmọ ta ni mo wá dí nígbà yẹn? Gbogbo bí mo ṣe ń ná an pé kó má jẹ́ tiwa, ọmọ ta ni mo ń gbé e fún?"

Ìyàwó jókòó tì í pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó dì í mú, àwọn méjèèjì sì sunkún ọmọ tí wọn ò mọ̀, tí ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀ níbìkan. Níta, wọ́n ń pè wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ wá jó. Lọ́jọ́ náà, Ìyàwó fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ̀ débi pé ó sọ ọ́ síta: "Ìyá, mo fẹ́ràn yín."

Ìyá Èènì fi etí aṣọ nu ojú. "Tú ọmọ yẹn sílẹ̀, kó o gbé e fún mi," ló wí. "O ò mọ ọmọ pọ̀n rárá."