Èèmọ́ Àgbò Lára Ṣòkòtò Ẹ̀gbọ́n Mi

Èèmọ́ àgbò ló tú àṣírí ẹ̀gbọ́n mi lónìí.

Ó ní kí n bá òun fọ ṣòkòtò. Mo rí èso wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bọ̀dá, níbo lẹ lọ?"

"Mi ò kúrò ní Kemta látàárọ̀. Koríko lásán nìyẹn."

"Èèmọ́ àgbò ni. Inú igbó tó ní ìbòòji ló ń hù sí, irú oko obì tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa l'Óṣíẹ̀lẹ̀."

Ó gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ mi.

"Mo ti ta oko náà. Àwọn tó rà á fẹ́ kọ́lé akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀."

Obì oko yẹn ni bàbá wa fi rán an lọ sílé ìwé! Mo ní ṣé kò yẹ kó bi mí kó tó tà á ni.

"Ilé ọkọ lò ń lọ. Kí lo fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe?"

Ẹ̀yin ará, èsì wo lẹ̀ bá fún un?